Ọtí Ọdún Ìbí Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ pọn omi ní ẹ̀rọ, ilé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní gbogbo Bàrígà tí wọ́n ti ri ìgò ọtí mọ́ ilẹ̀ yàrá, ilé tiwa sì ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé ọ̀mùtí ni bàbá mi. Kì í ṣe ọ̀mùtí. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti wá sí Èkó, mi ò sì rí ọjọ́ tí ọtí pa á rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ló mú un mọ ọtí. Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó kan wà ní Àpápá nígbà náà tó ń kó ọtí wọlé láti òkè òkun, òun ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń tọ́jú ọtí nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn. Òun ló mọ èyí tó gbọ́dọ̀ dúró, èyí tó gbọ́dọ̀ sùn, àti èyí tí oòrùn kò gbọdọ̀ fojú kàn.

Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń di ẹrù wọn, ọ̀gá wọn pe bàbá mi, ó bi í pé ọdún wo ni wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀. Bàbá mi ní ọdún tí ogun àwọn òyìnbó parí ni. Ọ̀gá náà wọ inú ilé lọ, ó gbé ìgò kan jáde tó dúdú bí èédú, ó ní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ká èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe ọtí inú rẹ̀. Wáìnì àwọn Potogí ni, èyí tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù. Ó ní ní ìlú tòun, bí ẹni tó rí já jẹ bá bímọ, á ra ọtí ọdún ìbí ọmọ náà, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọn ò ní ṣí i títí ọmọ náà yóò fi dàgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́bí yẹn. Èmi ni àbígbẹ̀yìn, ó sì jù mí lọ dáadáa. Òun ló ń dì mí nírun, òun ló ń nà mí, òun náà ló ń bẹ̀ mí tí mo bá sunkún tán.

Bí bàbá mi ṣe ṣe ìtọ́jú ìgò náà kò kúrò lójú mi títí di òní. Ooru Èkó ni ọ̀tá rẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fọ́ símẹ́ǹtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ri ìkòkò ẹlẹ́nu gbàràmù kan mọ́lẹ̀. Ó kó iyanrìn sí i, ó wọ́n omi sí iyanrìn náà, ó wá tẹ́ ìgò náà lé e lórí bí ẹni tẹ́ ọmọ ìkókó. Ó ní bí ìgò bá dúró lóòró, kọ́ọ̀kì ẹnu rẹ̀ á gbẹ, atẹ́gùn á ráyè wọlé, ọtí á sì kan. Ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sókè, àmì funfun kan wà lára ìgò, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka kan ẹfun. Àwọn tó ṣe ọtí náà ló fi síbẹ̀, kí ẹni tó bá gbé e lè mọ bí yóò ṣe dá a padà, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀ ti rọra sùn sí ìsàlẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dàrú. Bàbá mi fi pákó bo ìkòkò náà, ó fa bẹ́ẹ̀dì lé e. Gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé, á fa bẹ́ẹ̀dì kúrò, á wọ́n omi sí iyanrìn, á wo àmì funfun náà, á tún bò ó.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ọtí yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Bí omi àjàrà bá ti ń hó lọ́wọ́, wọ́n á da ọtí líle sí i, híhó náà á dúró, adùn inú rẹ̀ kò ní lè jáde mọ́. Adùn àti agbára á wá máa bá ara wọn jà nínú ìgò. Bí o bá tètè ṣí i, ìjà yẹn ni wàá mu. Bí o bá mú sùúrù títí wọ́n á fi parí ìjà, ohun tí wàá mu, ó ní ẹnu kò lè sọ ọ́.

Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ la máa ṣí i."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Kò tíì ju ọmọ ilé ìwé lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ pàtàkì mú ọ̀rọ̀ náà, ó ní kí bàbá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń bù ú fún èèyàn. Bàbá mi fi ìgò ẹmu àtijọ́ kan kọ́ ọ, èyí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó kọ́kọ́ gbé e dúró jẹ́ẹ́ fún odidi ọjọ́ kan kó tó ṣí i. Ó ní kó tan àbẹ́là sí ẹ̀yìn ọrùn ìgò, kó máa da ọtí lọ díẹ̀díẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kó máa wo iná náà, bó bá sì ti rí i tí dúdú ń bọ̀ ní ọrùn ìgò, kó dáwọ́ dúró. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ̀n. Inú bàbá mi dùn sí i gan-an lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ yìí kan náà ló fi kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, kò sì pẹ́ tó fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Pẹ́dírò.

Ibi ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ti pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ìlàjẹ ni, ọmọ àwọn apẹja tó ń gbé etí ọ̀sà, níbi tí ilé pákó wà lórí omi. Ó mú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ wá fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Ó tún mú òmíràn wá. Nígbà tó yá, ṣòkòtò tí kò ya ló ń mú wá. Èmi ni mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́yìn ilé ìwé, mo sì mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá wà níbẹ̀, kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nílé. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá jókòó, èèyàn á mọ̀ pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sán Sátidé kan. Ẹja ni ìyá náà ń yan tà. Ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, síbẹ̀ òórùn èéfín kò kúrò lára rẹ̀, mo sì rí i tí bàbá mi fà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá. Yorùbá wọn yàtọ̀ sí tiwa díẹ̀, ìyá náà sì ń rọra sọ̀rọ̀ kí ó má bàa ṣì í sọ.

Bàbá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ la bí ọmọ tèmi sí. Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tí ilé rẹ̀ ń mì."

Ìyá náà ní, "Ilé yín náà, bàbá, Ọlọ́run ló mú un dúró."

Bàbá mi dìde, ó ní kí ìyá mi fún àwọn àlejò lómi. Kò sẹ́ni tó mu omi náà nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún lójú wa. Ó lọ bá bàbá mi nínú yàrá, mo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mò ń gbọ́ wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Ohùn bàbá mi kò le. Ó ní, "Ọmọ mi, má kánjú. Ohun tí èèyàn bá fi sùúrù tọ́jú ló ń dùn. Èyí tó yẹ ọ́ ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa ọtí ló gbé ka orí ọmọ rẹ̀ yẹn, kò sì mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Mo ti rò ó títí, mi ò rò pé ó jẹ́ ìkà. Ìkà ì bá rọrùn fún wa láti bínú sí. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ tó sì sé ọ̀nà mọ́ ọ, báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?

Ọkùnrin náà dúró dè é. Ó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò mú ṣòkòtò dání mọ́. Ó ní kí àwọn méjèèjì lọ sí kóòtù, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lè jáde nílé bàbá òun bí ẹni tó jalè. Ó gbà pé bàbá mi máa rọ̀. Ìyá mi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ ní àárọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ ní àṣálẹ́, ó gbé àlùfáà ìjọ wa wá bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní onísùúrù ló ń fún wàrà kìnìún. Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ta ló rí kìnìún ní Bàrígà? Ọmọ wa lẹ ń wò yẹn, ó ń gbẹ."

Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kan ọkùnrin náà kò wá mọ́. A gbọ́ pé ó ti lọ sí etíkun Oǹdó lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Ní àkókò kan tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé ìwé, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí aboyún kan wọlé, ọ̀dọ́mọbìnrin tó lẹ́wà, tó ń bọ̀wọ̀ fún èèyàn. Ó ní ẹnì kan ní etí ọ̀sà ló júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún òun pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ púpọ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi rán aṣọ ìkómọ, tòun àti ti ọmọ tó ń bọ̀, àti ti ọkọ òun. Ó mú ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ kan wá kí ẹ̀gbọ́n mi lè fi wọn tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ṣòkòtò náà sórí tábìlì. Bí ó ṣe yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, mo rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ nígbà náà lọ́hùn-ún. Ọkùnrin Ìlàjẹ náà ti padà sí Bàrígà pẹ̀lú ìyàwó, kò sì jọ pé ìyàwó náà mọ ohunkóhun.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi fojú bá mi wí. Ó wọn obìnrin náà, ó bi í bóyá ó fẹ́ kí òun fi àyè sílẹ̀ ní ìbàdí, nítorí ara kì í tètè padà sípò lẹ́yìn ìbímọ. Ó rán gbogbo rẹ̀. Kò rán aṣọ kankan tó dára jù ú lọ rí. Lẹ́yìn èyí ni a kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́.

Àwọn mìíràn wá tọrọ rẹ̀, àwọn tí bàbá mi fẹ́. Akọ̀wé kan wá láti Obaníkòró, ọmọ díákónì. Bàbá mi fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ wo ìgò. Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé náà, ó ní òun kò fẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Èmi ṣe ìgbéyàwó tèmi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo fẹ́, bàbá mi kò sì bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọn ò ṣí ìgò náà fún mi, mi ò sì béèrè pé kí wọ́n ṣí i. Ìyá mi kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló kù sínú ilé pẹ̀lú bàbá mi, òun ló ń se oúnjẹ rẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ sì di bàìbàì, òun ló ń wọ́n omi sí iyanrìn nígbà ọyẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan tí mo wá kí wọn, bàbá mi ní kí a jókòó. Ó ti di arúgbó pátápátá. Ó ní, "Ẹ gbé ọtí yẹn jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Bàbá, ìgbéyàwó ta ni?"

Kò sí ariwo nínú ìbéèrè náà. Bí ẹni tó ń béèrè iye ata tí a máa fi sọ́bẹ̀ ló ṣe béèrè rẹ̀. Bàbá mi ní, "Mi ò fẹ́ kú kí ó kù síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e jáde bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àmì funfun náà ṣì wà. Ó gbé ìgò náà dúró sórí tábìlì, ó fi aṣọ bò ó, ó ní ọ̀la ni a máa mu ún. Mo sùn síbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti fèrèsé, ó tan àbẹ́là. Kọ́ọ̀kì náà ti rà, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi ọ̀bẹ ṣoṣoro yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́nu àrọ, ó wá ń da ọtí náà sínú jọ́ọ̀gì gíláàsì. Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe dúdú bí mo ṣe rò. Pupa ni, pupa tó ti ń lọ sí àwọ̀ epo tí wọ́n yọ́. Nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dé ọrùn ìgò, ó dáwọ́ dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Mo ti ń gbàdúrà ní ọkàn mi pé kí ọtí náà ti bàjẹ́. Mo fẹ́ kó kan, kí bàbá mi tọ́ ọ wò, kí ó rí i. Ẹ̀gbọ́n mi bù ú sínú ife kéékèèké, díẹ̀díẹ̀, a gbé e sẹ́nu.

Kò bàjẹ́. Mo ti jẹ ohun dídùn láyé, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ó dà bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n dénú, bí oyin, bí òórùn ilé tí wọ́n ti ń sun igi tó gbẹ, ó sì ń móoru lọ sínú àyà díẹ̀díẹ̀, kò kánjú. Bí mo ti gbé e mì tán, adùn náà kò lọ. Bàbá mi di ojú rẹ̀. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Báwo ló ṣe rí?"

Ẹ̀gbọ́n mi mu tirẹ̀ tán pátápátá kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Ó dára, bàbá. Ẹ tọ́jú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe tọ́jú mi lọ."

Bàbá mi gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀." Kò gbé ife náà mọ́.

Èyí tó kù nínú jọ́ọ̀gì, bàbá mi ní kí a bò ó dáadáa títí di ọjọ́ kejì, nítorí bí wọ́n bá ti ṣí irú ọtí yẹn kì í pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí ohun tí a tún ń fi pamọ́ nínú ilé yìí. Ó gbé jọ́ọ̀gì náà jáde, ó pín in fún àwọn ayálégbé nínú àgbàlá, nínú kọ́ọ̀bù onírọ́bà tí wọ́n fi ń mu omi. Bíríkìlà kan bu omi dídì sí tirẹ̀. Obìnrin tó ń dirun níwájú ilé ní ó jọ oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé, ó dúpẹ́, ó sì gbé e fún ọkọ rẹ̀. Bàbá mi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti inú yàrá. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìgbà náà tó fi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láàyè, ó sì ń gbé inú ilé náà. Mo bi í ní àìpẹ́ yìí bóyá ó ti dárí ji bàbá wa. Ó ronú sí i. Ó ní, "Mo sin ín dáadáa."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Wọ́n ti fi iyanrìn dí apá ibì kan nínú ọ̀sà, ilé alájà wà níbi tí àwọn èèyàn ti ń wa ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn lè rí wáìnì lóríṣiríṣi rà ní Onípánù, inú fíríìjì ni wọ́n ti ń mú un jáde, ọjọ́ tí wọ́n bá rà á náà ni wọ́n ń mu ún. Àwọn ọmọ kì í béèrè ìlú ara wọn mọ́ kí wọ́n tó fẹ́ra. Ọmọ ọmọ mi kan mú ọkùnrin kan wá kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún yìí. Mo ní mo fọwọ́ sí i kí ó tó sọ ibi tí ọkùnrin náà ti wá, ọmọ náà sì ń fi mí rẹ́rìn-ín pé, "Grandma, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n." Kò mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì sọ fún un lójú ẹ̀gbọ́n mi.

Mi ò sọ pé ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ẹni tó jìyà rẹ̀. Inú mi dùn pé ilẹ̀kùn tí bàbá mi tì ti ṣí sílẹ̀ báyìí fún gbogbo yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí yín tí ẹ ń gbà á kọjá tẹ̀ríntẹ̀rín, lẹ́yìn náà tí mo bá wo ẹ̀gbọ́n mi níbi tó jókòó sí, mo máa ń rò ó pé ilẹ̀kùn náà kò wúwo tó bí gbogbo wa ṣe rò. Ọwọ́ kan ṣoṣo ì bá ṣí i.